Yàrá Ìgbẹ̀bí Tí Kò Gbóhùn Ọmọ

Èmi kì í ṣe ẹni tó máa ń rẹ́rìn-ín láàárọ̀. Bí mo bá jí, mo máa ń fẹ́ kí ilé dákẹ́, kí n kírun, kí n wẹ ìyá mi, kí n fún un ní ẹ̀kọ gbígbóná, kí n tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n gbé ọ̀gá tuntun wá sí ilé ìwòsàn wa, tó jẹ́ pé kí oòrùn tó yọ tán ló ti ń rẹ́rìn-ín kiri, mo mọ̀ pé àwa méjèèjì yóò fojú ara wa rí nǹkan.

Òṣìṣẹ́ ìlera ni mí. Mo ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ náà débi pé àwọn ọmọ tí mo gún lábẹ́rẹ́ àjẹsára ti ń gbé ọmọ tiwọn wá fún mi. Ilé ìwòsàn ìjọba tí mo ń sọ yìí wà ní ìlú kékeré kan lójú ọ̀nà Tẹ̀dé sí Irawo, níbi tó jẹ́ pé iṣu, àgbàdo àti ọkà bàbà ni gbogbo ilé ń gbìn. Àwa òṣìṣẹ́ kò ju mẹ́ta lọ: ọ̀gá wa, tí í ṣe nọ́ọ̀sì àgbà, èmi, àti ọ̀dọ́bìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, tí mo máa ń pè ní àbúrò mi.

Lójú ara wa, iṣẹ́ wa kò burú. Lọ́jọ́ àyẹ̀wò aláboyún, àwọn obìnrin á kún orí bẹ́ǹṣì, wọ́n á gba oògùn, wọ́n á gba nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, wọ́n á dúpẹ́. Àmọ́ bí ọmọ bá ti fẹ́ jáde báyìí, a ò ní rí wọn mọ́. Ilé ìyá àgbẹ̀bí ni wọ́n ń gbà lọ, tàbí kí wọ́n bí i sí yàrá ara wọn. Bí a bá bi wọ́n léèrè nígbà tí wọ́n bá gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́, èyí á ní òun kò rí ọ̀kadà, èyí á ní ọmọ náà ló yára. Ọmọ gbogbo ìlú kò sì lè yára bẹ́ẹ̀. Yàrá ìgbẹ̀bí wa wà níbẹ̀, a ń gbá a, a ń nù ún, aláǹgbá ló ń yé ẹyin síbẹ̀. Nígbà mìíràn wọ́n á gbé obìnrin kan dé nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ti fẹ́ tán lára rẹ̀, a ó wá máa sáré wá ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ sí Ṣakí. Ìyẹn ló máa ń dùn mí jù.

Ọ̀rọ̀ náà sú kánsù. Ọ̀gá kan láti ibẹ̀, ọkùnrin sísanra kan tí tẹ̀sùbáà kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, wá bá wa. Ó ní bí ọyẹ́ bá fi dé tí obìnrin kò bímọ nínú yàrá yẹn, àwọn yóò tì í pa. Àwọn yóò gbé bẹ́ẹ̀dì àti irinṣẹ́ ibẹ̀ lọ sí abúlé kan lọ́hùn-ún, lẹ́yìn Ṣakí, lọ́nà ẹnubodè. Ó wá kọjú sí mi, ó ní èmi tí mo mọ iṣẹ́ ìgbẹ̀bí jù ni n óò bá bẹ́ẹ̀dì náà lọ. Ó sọ ọ́ bí ẹni pé irinṣẹ́ ni èmi náà.

Ìyá mi ni mo rò. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú un lápá àti ẹsẹ̀ òsì, èmi nìkan sì ni ọmọ rẹ̀ tó wà nítòsí. Lọ́jọ́ tí a sin bàbá mi sẹ́yìn ilé, ìyá mi sọ lójú gbogbo wa pé òun kò ní kúrò nínú ilé náà, ẹ̀gbẹ́ ọkọ òun ni kí wọ́n sin òun sí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sọ ọ́, a ò sì gbọ́dọ̀ tún un sọ níwájú rẹ̀. Bí wọ́n bá wá gbé mi lọ sí ẹnubodè, ta ni yóò máa wẹ̀ ẹ́? Ta ni yóò máa gbé e lọ jókòó síta kí oòrùn tó mú? Àwọn ará ilé á ní àwọn á ṣe é, wọ́n á sì ṣe é fún ìgbà díẹ̀. N kò sọ ohun tí kánsù wí fún un. Inú mi nìkan ló ń gbóná.

Inú gbígbóná yìí ni mo gbé lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́, ibẹ̀ ni mo sì ti ń bá ọ̀gá wa, tí ń sọ pé, "Ó máa dáa." Òjò wọ inú yàrá oògùn, ó ní ó máa dáa. Oògùn ibà tán, ó ní ó máa dáa. Mo ní lọ́kàn mi pé ẹnu dùn-ún ròfọ́. Apá Ìbàdàn ló ti wá, onígbàgbọ́ ni, obìnrin gíga kan báyìí, ohùn rẹ̀ a sì máa dé ojú títì bó bá ń rẹ́rìn-ín. Mo rò pé kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n. Ìwà tirẹ̀ ni pé kì í kọ́kọ́ banú jẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ohun tó kọ́kọ́ yí padà ni ìkíni. Lọ́dọ̀ wa, ọmọdé ló ń kọ́kọ́ kí àgbà, ìyẹn kì í ṣe nǹkan tuntun. Ṣùgbọ́n aṣọ funfun ti yí i padà nílé ìwòsàn. Ìyá arúgbó tó lè bí wa lọ́mọ á wọlé, òun ló máa kí wa, a ó sì dá a lóhùn láì gbójú sókè. Bí aláboyún bá pẹ́ dé, àbúrò mi á bi í bóyá òun ló fún un lóyún. Ọ̀gá wa kò bá wa jà. Ó kàn rí arúgbó kan lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó sì kúnlẹ̀ sílẹ̀ gbàràmù nínú aṣọ funfun rẹ̀, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, mà. Ṣé ara ti ń le?" Arúgbó náà wo ẹ̀yìn bóyá ẹlòmíràn ni wọ́n ń kí.

Mo sọ fún ọ̀gá pé bí a bá ń kúnlẹ̀ fún gbogbo ẹni tó wọlé, ta ni yóò máa gún abẹ́rẹ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi," nítorí mo fi ọdún díẹ̀ jù ú lọ, "ẹni tó bá ti kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n á na apá fún un fúnra wọn." Ó gbé tábìlì rẹ̀ jáde sábẹ́ igi mángòrò, ó ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú àwọn obìnrin náà, ó ń bi wọ́n bí àgbàdo ṣe ṣe lọ́dún náà. Nígbà tó yá, àbúrò mi náà bẹ̀rẹ̀ sí í kúnlẹ̀. Èmi náà dín ìjà kù, nítorí ó ṣòro láti máa dá nìkan jà. Inú dídùn ní ń mórí yá lóòótọ́. Oògùn tí a máa ń bínú pín, a wá ń fi àwàdà pín in, iṣẹ́ a sì tètè tán.

Yàrá ìgbẹ̀bí ṣófo síbẹ̀.

Ọ̀gá wa wá ní kí á lọ máa kí àwọn aláboyún nílé wọn. Ó ra ọṣẹ, ó kó nẹ́ẹ̀tì, ó ní bí wọ́n bá rí i pé a fẹ́ràn wọn, wọ́n á wá. Mo sọ fún un lójú ọ̀nà pé níhìn-ín, a kì í fi oyún ṣe ariwo, pàápàá èyí tí kò tíì hàn. Oyún inú, a kì í kà á kún ọmọ ilẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ta ni yóò bínú sí ẹni tó gbé ọṣẹ wá fún un?

Agboolé kan tó wà lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí la kọ́kọ́ yà sí. Ìyá arúgbó kan ló ni ilé náà, ó sì ní ọmọkùnrin kan tó fẹ́ ìyàwó méjì. Ìyàwó kékeré ló ń wá sí ọ̀dọ̀ wa fún àyẹ̀wò, oyún rẹ̀ kò sì tíì ju oṣù mẹ́ta lọ. Àwa mẹ́ta tò wọlé nínú aṣọ funfun, àwọn ọmọ àdúgbò tẹ̀ lé wa bí ẹni tí ń wo ìran. Ìyálé jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ṣẹ́ àgbàdo.

"Ẹ kú ilé o, Ìyá," ni ọ̀gá wa wí pẹ̀lú ohùn rẹ̀ tó ń dé ojú títì. "A wá kí ìyàwó yín. Ẹ kú oríire o."

"Ìyàwó wo?" ni arúgbó náà bèèrè.

"Ìyàwó kékeré ni, mà."

"Oríire kí ni?"

Ọwọ́ ìyálé dúró lórí àgbàdo. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé kò gbọ́ rárá pé orogún òun lóyún. Ìyàwó kékeré yọjú lẹ́nu ìlẹ̀kùn, ó rí wa, ó sì padà sínú ilé. Arúgbó náà gba ọṣẹ lọ́wọ́ wa, ó gbé e sílẹ̀ lórí ilẹ̀, ó ní kí á máa lọ, iṣẹ́ pọ̀ fún un. Ẹ̀yìn ìgbà náà la tó gbọ́ pé oyún méjì ti bà jẹ́ lára ìyàwó yẹn, èyí tó ṣìkẹta yìí ni wọ́n ń fi aṣọ bò kí ojú má baà wò ó. Àwa la fi aṣọ funfun kéde rẹ̀.

Lọ́jọ́ àyẹ̀wò tó tẹ̀ lé e, bẹ́ǹṣì wa dá páropáro. Ẹnikẹ́ni kò fẹ́ kí nọ́ọ̀sì tún tẹ̀ lé òun délé. Inú bí mi. Mo ní ṣé ọ̀gá ti rí ohun tí ẹ̀rín ń dá sílẹ̀ báyìí, nígbà tí a ń jókòó lásán, wọ́n ń gba oògùn lọ́wọ́ wa, ó kéré tán. Ó jókòó sábẹ́ mángòrò títí oòrùn fi yí, ojú rẹ̀ sì fàro. Mo rò pé ó ti tán nìyẹn. Mo tilẹ̀ ń ṣàánú rẹ̀ díẹ̀.

Nígbà tó dìde, ó gbọn ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀. Ó ní, "Ó máa dáa. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lọ bẹ̀ wọ́n."

"Ká bẹ̀ wọ́n nítorí a fún wọn lọ́ṣẹ?"

"Ká bẹ̀ wọ́n nítorí a ṣẹ̀ wọ́n, Ẹ̀gbọ́n. Bí mo bá ṣẹ àgbà, mo máa ń bẹ àgbà. Kí ló wá ṣòro níbẹ̀?"

Títí dòní, ibi tí mo ti ń rí ìwà obìnrin náà nìyẹn. Ẹ̀rín kò ṣòro. Ẹni tí nǹkan bá dára fún yóò rẹ́rìn-ín. Àmọ́ kí ènìyàn gbé oore lọ, kí wọ́n gbé e sílẹ̀ lójú rẹ̀, kó padà wálé láì di kùnrùngbùn, kó tún wá mú ọ̀nà ibẹ̀ pọ̀n láti lọ tọrọ ìdáríjì, ìyẹn ṣòro fún mi láti lóye. Tèmi ni pé bí o bá ta ọṣẹ mi nù, ìdọ̀tí ni kó pa ọ́.

A lọ nírọ̀lẹ́, lẹ́yìn ìrun àsárì. Èmi àti òun nìkan ni. A wọ ìró àti bùbá, a fi gèlè bo orí, a gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Arúgbó náà ń ṣa ẹ̀wà nínú àtẹ. Ọ̀gá wa kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, kò sì sọ ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní, "Ìyá, a ṣe é láìmọ̀. Ẹ forí jì wá. Ọlọ́run á dá oyún náà sí fún yín."

Arúgbó náà ń ṣa ẹ̀wà lọ.

"Ìyá Nọ́ọ̀sì, ẹ dìde. Ó ti tán. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́ ilé ìwòsàn yẹn, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ wá bẹ̀ wá. Àwọn tó kù, ariwo ni wọ́n mọ̀ ọ́n pa." Ó wo ojú mi bó ti ń sọ bẹ́ẹ̀. Mo wo ilẹ̀.

Wọ́n gbé àpótí fún wa, a jókòó. Ọ̀gá wa bá wọn ṣa ẹ̀wà díẹ̀, ó wá bèèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí àwọn ìyàwó yín kì í wá bímọ lọ́dọ̀ wa?"

"Ẹ ò ní bínú?"

"N ò ní bínú, mà."

Arúgbó náà wo ẹnu ọ̀nà, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Èkejì ọmọ ńkọ́? Níbo lẹ̀ ń gbé e sí?"

Ẹni tó bá jẹ́ ará ibí kò nílò àlàyé. Ohun tó ń tẹ̀ lé ọmọ jáde láti inú ìyá rẹ̀ kì í ṣe ìdọ̀tí lójú wa. Èkejì ọmọ ni à ń pè é, ilé baba ọmọ la sì ń sin ín sí, kí ọmọ náà lè mọ ilé. Nígbà kan, àwọn ẹbí ló ń gbà á lọ́wọ́ wa lọ sílé. Kánsù wá gbẹ́ ihò oníṣìmẹ́ǹtì kan fún wa lẹ́yìnkùlé, ó ní ìdérí irin, wọ́n ní gbogbo ohun tó bá ti jáde láti yàrá ìgbẹ̀bí, inú rẹ̀ ni ká sun ún sí. Ihò yẹn la fi ń yangàn. Bí àlejò bá wá, ibẹ̀ la kọ́kọ́ ń fi hàn án. Kò sí ẹni tó wá bá wa jà lórí rẹ̀, a sì rò pé wọ́n ti gbà. Wọn kò jà. Wọ́n kàn dákẹ́, wọ́n ń bímọ sílé.

"Ihò la máa ń dà á sí, mà," ni ọ̀gá wa wí.

"Ihò tí a ò rí inú rẹ̀," ni arúgbó náà wí. "Wọ́n ní ẹ̀ ń tà á."

Mo ti dìde kí n tó mọ̀. Gbogbo ọdún tí mo ti fi gbẹ̀bí ní ìlú yìí, gbogbo ẹ̀jẹ̀ tí mo ti fọ̀ lára, wọ́n wá ń jókòó nílé, wọ́n ń sọ pé mò ń ta ara ọmọ wọn fún àwọn tó ń wá owó òjijì. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ fún arúgbó náà ti dé ẹnu mi, kò sì dára. Ọ̀gá wa di etí ìró mi mú láì wo ẹ̀yìn.

"Ẹ ṣeun gan-an, Ìyá," ló wí, "tí ẹ sọ ọ́ fún wa. Bó bá jẹ́ èmi ni mo gbọ́ bẹ́ẹ̀, èmi náà ò ní gbé ìyàwó mi wá."

Mo bá a jà lójú ọ̀nà. Mo ní wọ́n pè wá ní olè, òun ń sọ pé ẹ ṣeun. Ó ní, "Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ ọ́, Ẹ̀gbọ́n. Òní la ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ. Inú mi dùn." Mo wò ó nínú ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ bóyá orí rẹ̀ pé. Ojú rẹ̀ ń tàn bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ibi tó sọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ nù sí fún. Ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò, mo ti mọ òwe yẹn láti kékeré, àmọ́ n kò rí i rí kí wọ́n fi yọ òtítọ́ lápò àgbà.

Lọ́jọ́ kejì, ó gun ọ̀kadà lọ sí kánsù ní Tẹ̀dé. Ó bèèrè lọ́wọ́ dókítà ibẹ̀ bóyá a tún lè máa dá èkejì ọmọ padà fún ẹbí. Dókítà ní kò burú bí a bá dì í dáadáa nínú ọ̀rá, tí wọ́n bá sì gbẹ́ ilẹ̀ jìn kí ajá má baà hú u. Ọ̀gá wa padà dé, ó ra ìkòkò amọ̀ kékeré olómorí tí ẹbí yóò fi máa gbé e lọ sílé, ó tò wọ́n sórí pẹpẹ ní yàrá ìgbẹ̀bí. Ó tún pe arúgbó náà àti àwọn ìyá àgbà mélòó kan wá. Ó ṣí ìdérí irin fún wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ wo inú ihò, eérú ni wọ́n rí. Ọ̀kan fi igi ro ó wò. Mo dúró sẹ́yìn wọn, mo pa ẹnu mi dé, ìyẹn sì jẹ́ iṣẹ́ ńlá fún mi lọ́jọ́ yẹn.

Lẹ́yìn náà, ó ní kí á má kéde ohunkóhun. Ó ní àwọn ìyá náà ni yóò sọ ọ́ fún ara wọn.

Àwọn aláboyún padà sórí bẹ́ǹṣì. Àmọ́ kò sẹ́ni tó wá bímọ. Wọ́n kórè àgbàdo tán, wọ́n wa iṣu, koríko gbẹ lẹ́bàá ọ̀nà, àwọn ọdẹ bẹ̀rẹ̀ sí í dáná sun igbó. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo jí, ètè mi ti là, mo mọ̀ pé ọyẹ́ ti dé. Mo fi òrí pa ẹsẹ̀ ìyá mi, mo ń wo ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń rò ó pé ta ni yóò máa bá mi ṣe èyí. Ó bi mí pé kí ló ń ṣe mí. Mo ní eruku ló kó sí mi lójú. Níbi iṣẹ́, ọ̀gá wa ń nu àwọn ìkòkò tí a kò tíì lò. Mo bi í pé ṣé ó ṣì máa dáa. Ó ní, "Ó máa dáa." Àmọ́ lọ́jọ́ yẹn, mo rí i pé ẹ̀rù ń ba òun náà. Ó ń bà á, ó sì ń nu ìkòkò lọ.

Kánsù ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ lọ́jọ́ Àlàmísì. Ní ọjọ́ náà, mo dé ibi iṣẹ́ ní kùtù, mo sì bá ènìyàn méjì lẹ́nu ọ̀nà. Arúgbó ilé ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí ni, òun àti ìyàwó kékeré. Ọmọbìnrin náà di ògiri mú, ó ń mí gúlegúle. Arúgbó náà ní nǹkan lábẹ́ ìborùn rẹ̀. Nígbà tó gbé e jáde, ìkòkò ni, omorí rẹ̀ wà lórí rẹ̀, ó gbé tirẹ̀ wá láti ilé.

"Mo gbé e wá fún yín," ló wí. N kò mọ̀ bóyá ìkòkò ló ń sọ ni àbí ìyàwó.

Ọ̀gá wa dé, àbúrò mi dé, a wọ ìbọ̀wọ́, a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Oòrùn ti ga nígbà tí mo gbọ́ ìró mọ́tò níta. Wọ́n kan ìlẹ̀kùn. Mo ṣí i díẹ̀, mo rí ọ̀gá kánsù pẹ̀lú tẹ̀sùbáà rẹ̀ àti géńdé méjì tí wọ́n ti ká apá aṣọ sókè.

"A wá gbé bẹ́ẹ̀dì," ló wí.

"Obìnrin wà lórí rẹ̀," ni mo wí. "Ẹ jókòó síta, ẹ bá wa ṣàdúrà."

Wọ́n jókòó. N kò mọ bó ti pẹ́ tó. Ọmọbìnrin náà ṣe akin, a mú un lọ́wọ́, ọ̀gá wa ń bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ohùn rẹ̀ tó máa ń dé ojú títì kò kọjá ìrọ̀rí. Ọmọ náà jáde, obìnrin ni, ó sì ké. Ká ní mo lè sọ bí igbe yẹn ti rí nínú yàrá yẹn. Láti ìta ni mo ti gbọ́ tí ọ̀gá kánsù wí pé, "Alihamudulilai," ohùn rẹ̀ ga ju ti gbogbo ènìyàn lọ. Àbúrò mi bú sẹ́kún, ó ń fi èjìká nu ojú nítorí ìbọ̀wọ́.

Èkejì ọmọ náà bọ́, mo yẹ̀ ẹ́ wò, ó pé. Mo dì í, mo gbé e sínú ìkòkò arúgbó náà, mo dé e. Mo wá kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Ó ṣí omorí, ó wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó dé e padà. Ó wo ojú mi, ó ní, "Ọlọ́run á dá ọ lóhùn." Kò bi mí léèrè ohun tí mò ń tọrọ.

Ó jáde síta. Ọ̀kadà kan wà níbẹ̀, àmọ́ arúgbó náà ní òun kò lè gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gun ọ̀kadà. Ó wo mọ́tò kánsù. Ó wo ọkùnrin sísanra náà. "Ọmọ mi," ló wí, "ìwọ lo ni mọ́tò yìí? Wá gbé mi délé." Kò sí ọmọ Yorùbá tí arúgbó yóò di ìkòkò bẹ́ẹ̀ mú níwájú rẹ̀ tí yóò ní òun wá gbé bẹ́ẹ̀dì ni. Ó ṣílẹ̀kùn fún un. Ó wa ọkọ̀ náà jẹ́jẹ́ bí ẹni tí ń gbé ẹyin, àwọn géńdé rẹ̀ sì jókòó sábẹ́ mángòrò tí wọ́n ń dè é.

Ó pẹ́ kó tó padà. Bàtà rẹ̀ pupa fún erùpẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ náà pupa. Ó ní wọ́n ní kí òun bá wọn da erùpẹ̀ bò ó, pé kò sí ọkùnrin nílé, wọ́n ti lọ sóko. Ọ̀gá wa bu omi fún un, ó fọwọ́. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìgbẹ̀bí, ó ń wo ọmọ náà lókèèrè. Ó wá sọ fún àwọn géńdé pé kí wọ́n wọ mọ́tò. Sí àwa, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ níbí." Ọ̀gá wa dì mọ́ mi, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi létí, mo sì jẹ́ kó rín in tó.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré délé. Mo fẹ́ sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyá mi nísinsìnyí, gbogbo ohun tí n kò sọ láti ìgbà òjò. Mo bá a lórí àga nínú yàrá rẹ̀. Ó ti wọ aṣọ tó fi máa ń jáde, ó ti bo orí rẹ̀. Ẹrù kan wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, aṣọ ló wà nínú rẹ̀, wọ́n fi ìró bàbá mi àtijọ́ kan dì í.

"Màmá, kí nìyí?"

Ọ̀rọ̀ kì í yá lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Mo dúró dè é. "Mo gbọ́ pé òní ni wọ́n ń bọ̀ wá gbé ọ lọ," ló wí. "Mo ní kí wọ́n bá mi di aṣọ mi. N ò fẹ́ kí wọ́n dúró dè mí."

Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, mo sunkún dáadáa. Lẹ́yìn náà ni mo tú ẹrù náà, mo kó àwọn aṣọ rẹ̀ padà sínú àpótí, mo sì lọ gbé oúnjẹ ọ̀sán wa kaná.